Bí mo ṣe yan ibi tí ẹrù ilé tí a kò lò mọ́ máa lọ nílùú Ìbàdàn

Ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Òkè-Àdó ni mo palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí gbogbo ohun tí a kò lò mọ́ jáde sí pálọ̀, aṣọ nìkan kún àpò ìrẹsì ńlá 11. Bàtà jẹ́ 43, tí a bá ka ẹsẹ̀ méjì sí ọ̀kan. Ìkòkò àti abọ́ kún páálí 4, ìwé kún páálí 6. Fóòmù 3 wà níbẹ̀, fáànù 2, áyọ́ọ̀nù 2, bílẹ́ńdà 1, fíríìjì kékeré 1, fóònù 2, àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá kan. Ọjọ́ 9 ni iṣẹ́ náà gbà. Ní ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, mi ò di ẹrù kankan. Fóònù ni mo ń pè.

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹrù tí a bá ti dì tán kì í jẹ́ kí èèyàn ronú mọ́. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti ní àwọn máa gbà á la máa kó o lọ. Báyìí ni léèsì àgbàlagbà àti bàtà gogoro ṣe ń kún yàrá ìkẹ́rùsí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, tí àwọn tó ń tọ́jú wọn á sì tún fi owó oúnjẹ san fún ẹni tó máa bá wọn kó o lọ sí ààtàn. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo gbé lé orí ẹrù kọ̀ọ̀kan: ta ni yóò lo èyí láàárín oṣù kan sí òní? Tí mi ò bá lè tọ́ka sí ẹni náà, ẹrù yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀.

Mo pe ilé ọmọ aláìlóbìí méjì, ilé ìgbẹ̀bí kan, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ìjọ kan àti mọ́sáláṣí kan. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ilé ọmọ pé kí ni wọ́n nílò, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, “Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní, mà, a máa gbà á, Ọlọ́run á bù kún un yín.” Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ ẹ̀bùn. Ìbéèrè tó ń mú òótọ́ jáde ni èyí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ti pọ̀ jù lọ́wọ́ yín?” Kíá ni ìyá tó ń bójú tó ọ̀kan nínú wọn dáhùn: “Aṣọ ọmọ ọwọ́ àti gáùn òde, mà. Àwọn ọmọkùnrin wa tó ti ń lọ sí ọdún 10 sí 15 ni kò ní ṣòkòtò.” Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá béèrè iye ọmọ, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọjọ́ tí wọ́n ń gba ẹrù, àti orúkọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó tún sọ fún mi pé Kérésìmesì àti àsìkò ààwẹ̀ ni ẹrù máa ń ya wọlé. Oṣù kìíní títí dé ìkẹta, àti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń wọlé nínú oṣù kẹsàn-án, ni ọwọ́ máa ń há.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ wọn pẹ̀lú. Ó yẹ kí ilé ọmọ ní ìwé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Ilé tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Èyí tó bá fa ojú ro, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo tẹ́ ẹní 4 sí ilẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sọ́tọ̀. Mi ò fi akọ àti abo pín in. Ẹni tí yóò lò ó ni mo fi pín in, nítorí mo ti mọ àwọn ẹni náà nígbà yẹn. Lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo kọ́kọ́ tú gbogbo àpò rẹ̀ síta. Kọ́kọ́rọ́, ríṣíìtì báńkì àti owó ló jáde, títí dé káàdì ATM kan. Mo fa síìpù lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta, mo fa rọ́bà ìbàdí gbọọrọ, mo sì gbé àárín ẹsẹ̀ ṣòkòtò sí ìmọ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń fẹ́lẹ́ kí ibòmíràn tó gbó. Rọ́bà tó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí a bá fà á ti kú. Bó tilẹ̀ ṣì di ara rẹ̀ mú lónìí, kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì lára ọmọ tó ń sáré. Bọ́tìnnì tó já, mo rán òmíràn sí i. Síìpù tó bàjẹ́ lára ṣòkòtò tó ṣì lágbára, mo gbé e fún télọ̀ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a bá fún ní ṣòkòtò tí kò ní síìpù, iṣẹ́ la fún un, a ò tíì fún un láṣọ.

Ṣìmí, pátá àti ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ti wọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi tọrẹ. Tuntun inú ọ̀rá nìkan ni mo fi sí i.

Àwọn aṣọ kan wà tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jáde bí wọ́n ṣe wà. Aṣọ tó bá jọ ti ṣọ́jà, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé, mo yọ ọ́ kúrò, nítorí òfin Nàìjíríà kò gbà kí aráàlú wọ aṣọ ológun, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ níta sì lè rí ìyà tí kò mọ̀dí rẹ̀. Káàkí NYSC náà, mi ò fi sí i. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tó ní orúkọ báńkì tàbí ilé iṣẹ́ lára, mo tú àmì náà kúrò pẹ̀lú abẹ́rẹ́, torí àwọn gbájúẹ̀ ń wá irú rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kò wúlò níbòmíràn àfi ní ilé ẹ̀kọ́ tó ni àwọ̀ yẹn, nítorí náà ọ̀dọ̀ tíṣà àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà ni mo gbé 7 tó wà níbẹ̀ lọ. Òun ló mọ ọmọ tí tiẹ̀ ti ya.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ aṣọ ọmọ ọwọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Nínú àpótí kan, aṣọ ọmọ tó mọ́ tónítóní wà pẹ̀lú káńfọ̀, àwọn róbótó funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní naphthalene wà. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àìtó yìí wọ́pọ̀ gan-an ní Nàìjíríà, ó sì wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Kò sí bí ẹ ṣe máa fojú mọ̀ ọ́n lára ọmọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú láti ara aṣọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á pọ́n, ìyẹn ibà pọ́njú. Bó bá le, ó lè dé inú ọpọlọ, kó sọ ọmọ di adití tàbí kó ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Ó ti pa ọmọ rí. Aṣọ tí a fi ìfẹ́ tọ́jú ni yóò fa gbogbo èyí o.

Nítorí náà, mo kó gbogbo aṣọ inú àpótí yẹn jáde, mo da káńfọ̀ náà nù, mo sá aṣọ náà sí orí okùn nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ 4, mo fọ̀ ọ́, mo tún sá a, mo tún fọ̀ ọ́. Èyí tí òórùn ṣì ń jáde lára rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn di akísà. Èyí tó mọ́ lára òórùn, ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ nìkan ni mo fún, mo sì sọ ohun tó ti wà lára rẹ̀ fún ìyá wọn. Mi ò jẹ́ kí ẹyọ kan dé ilé ìgbẹ̀bí. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú aṣọ ọmọ pamọ́, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó nípọn dì í. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ilé ìgbẹ̀bí fẹ́ ni ohun tí àwọn ènìyàn ń tijú àtimú lọ síbẹ̀: ìró àńkárá àtijọ́ tó ti rọ̀. Nínú ìwé ohun tí wọ́n máa ń ní kí aboyún mú wá, ìró tó mọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀. Èyí tó ti di rírọ̀ nítorí fífọ̀ ló dára jù, torí ó ń fa omi, kì í sì í ha ọmọ lára. Tuntun kì í fa omi dáadáa, sítáàṣì ṣì wà lára rẹ̀. Mo gé àwọn tó gùn sí yáàdì méjìméjì, mo sè wọ́n nínú omi gbígbóná, mo sá wọn, mo fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná lọ̀ wọ́n lójú méjèèjì, mo sì dì wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta sínú ọ̀rá. Àpò kan gbáko ló lọ báyìí. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà nílùú Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní Medical Social Services, iṣẹ́ wọn ni láti bá aláìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ wá ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú ẹrù yìí lọ síbẹ̀, ọ́fíìsì wọn ni kó kọ́kọ́ dé, kó má gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù.

Nísàlẹ̀ àpótí míràn ni mo ti rí adìrẹ ẹlẹ́kọ méjì. Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ wo bóyá apá méjì ni wọ́n rán pọ̀ ní àárín, bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú ju ojú rẹ̀ lọ, torí ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ yà sí, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọ̀kan nínú méjì yìí jẹ́ “Ìbàdàn dùn”, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Màpó máa ń wà nínú iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Màpó, àwọn obìnrin sì ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sórí aṣọ láti ìgbà náà wá. Irú aṣọ yìí kò gbọdọ̀ bọ́ sínú àpò òkìrìkà. Bákan náà ni sányán, àlàárì àti ẹtù. Aṣọ òkè tó ya, a lè tú u ní ọ̀já-ọ̀já, kí á tún un rán. Mo pe ẹbí jọ kí n tó mú un kúrò nílé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí aṣọ àgbà tó ti lọ ní ẹni tó tọ́ sí nínú ilé.

Àwọn kóòtù, síkẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì àti bàtà gogoro ni ilé ọmọ kò nílò. Mo kó àpò 2 fún obìnrin kan tó ń ta òkìrìkà ní Dùgbẹ̀. Àwọn kan á ní kò yẹ kí a fi ọrẹ fún ẹni tí yóò tà á. Mi ò gbà. Ó mọ ẹni tó ń wá kóòtù, ọmọ rẹ̀ á jẹun nínú rẹ̀, aṣọ náà á sì dé ara èèyàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àpò kan lọ sí ìjọ Àgùdà, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul, tí wọ́n máa ń lọ sí ilé àwọn aláìní fúnra wọn, ọ̀kan sì lọ sí mọ́sáláṣí fún ìgbìmọ̀ sàdáákà. Ilé ọmọ gba àpò 3, ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì ọmọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Fún àwọn aládùúgbò, mi ò pe ẹnikẹ́ni síta. Mo lọ bá ẹni náà nílé ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo sì sọ ni, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó bóyá ẹ máa rí nǹkan lò níbẹ̀.” Mo fi í sílẹ̀ kí ó yan fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹni tó ti kú ni, mo sọ ọ́. Àwọn kan kò ní gbà á, ẹ̀tọ́ wọn ni.

Bàtà ní ẹ̀tàn kan nínú. Èyí tí a kò wọ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin lè máa dán gbinrin, àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi fóòmù oníke ṣe ti ń jẹrà nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ jáde, kó tó dé ìdí ọkọ̀, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ po bí ẹni tẹ búrẹ́dì, kí ẹ sì fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú 43, 9 ló fọ́ báyìí. Ìyókù, mo so okùn ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n má baà ya ara wọn.

Fóòmù ńkọ́? Ẹ wo ojú rírán rẹ̀ yíká, pàápàá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmì dúdú wínníwínní bí ẹni fi bíírò tọ́ ọ, àti èépá pupa rúsúrúsú, ìdun ni. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ní in. Mi ò fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì, torí ẹnì kan á gbé e lọ lóru. Mo fi ọ̀bẹ ya á kọjá àárín kí ẹni tó ń kó ilẹ̀ tó gbé e. Ìkejì ti rì ní àárín, etí rẹ̀ ṣì le, nítorí náà àwọn tó ń ṣe kúṣìn ní Mọ́lété ló gbà á. Ìkẹta nìkan ló tọ́ láti sùn lé, ilé ọmọ kejì ló sì gbà á.

Ohun tó ń lo iná, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iná fún ìṣẹ́jú 20 kí n tó sọ pé ó dára. Ìṣẹ́jú méjì kò tó, torí fáànù tí bùṣì rẹ̀ ti jẹ máa ń yí dáadáa títí tó fi máa gbóná. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀. Bílẹ́ńdà yẹn wá láti Amẹ́ríkà, 120V ni wọ́n kọ sí i, iná tiwa sì jẹ́ nǹkan bí 230V. Ẹni tí kò ní tíráńsífọ́mà á jó o ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì lè jó ilé mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní tíráńsífọ́mà ló lọ. Áyọ́ọ̀nù kan tí wáyà rẹ̀ ti bó, mo ní kí oníná pààrọ̀ wáyà náà. Fíríìjì, ẹ má ṣe dá a dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí ọ̀nà kò bá sí àfi bẹ́ẹ̀, kó dúró lóòró títí di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fi sí iná, torí òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á ti ṣàn wọ inú páìpù. Ìyá kan tó ń ta omi tútù ló ń lò ó báyìí.

Fóònù Android, ẹ yọ àkáǹtì Google kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó nù ún, ìyẹn kí ẹ tó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Tí ẹ bá kàn nù ún láti ibi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́, yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín lọ́wọ́ ẹni tuntun, kò sì ní ṣí fún un láéláé. Síìmù àti káàdì inú rẹ̀, ẹ yọ wọ́n. Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mi ò fún àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, nítorí òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀, òkúta ni wọ́n sì máa fi fọ́ ọ láti yọ bàbà tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe gbà á fún àwọn ohun inú rẹ̀. Ìkòkò àti irin lásán, àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù lè kó o, kò burú.

Oògùn tó ṣẹ́kù kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìwé: díkíṣọ́nárì àti ìṣirò kì í gbó, ṣùgbọ́n ìwé lítíréṣọ̀ WAEC máa ń yí padà, ti 2021 sí 2025 ti lọ, ti 2026 sí 2030 ló kàn. Páálí 4 ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́, 2 di ìwé ìpọ́n-ẹ̀pà.

Akísà kún àpò 2. Mo gé e sí bí ìbú ìwé ìròyìn kan, mo yọ síìpù àti bọ́tìnnì, torí irin á ha ojú mọ́tò. Aṣọ òwú àti tówẹ̀lì nìkan ni mẹkáníìkì fẹ́, torí pọ́lísítà kàn ń ti òróró kiri ni, kì í fà á. Èyí tó jẹ́ pọ́lísítà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe kúṣìn, wọ́n ń fi kún inú tìmùtìmù.

Kíkó wọn: Máíkírà kan tí a bá dojú ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ bolẹ̀ gba àpò 4, dírọ́ọ̀pù ni kí ẹ bá a dá, kí ẹ sì sọ iye ibi tí ẹ máa yà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ má kún àpò dé ẹnu. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó, torí obìnrin ló sábà máa ń gbé e sọ̀ níbẹ̀. Mo kọ ohun tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan sí ìwé méjì, ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún mi, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Mi ò ya fọ́tò ọmọ kankan. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní àṣírí tirẹ̀, àti pé ọmọ tó gba ṣòkòtò kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ojú rẹ̀.

Àpò kan ló kù. Súwẹ́tà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, òjò sì ni a wà nínú rẹ̀ báyìí. Tí mo bá gbé e lọ nísinsìnyí, wọ́n á tò ó sí igun kan, ọ̀rinrin á mú un, á bu kí ọyẹ́ tó dé. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti dì í mọ́ inú ọ̀rá, ó wà lórí pẹpẹ, mo sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé mọ́ ọn lára: “Ilé ọmọ kejì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá.”